Bí èmi àti àwọn ọmọ ṣe ń fi máíkírówéfù ṣe ìpanu aládùn ní Kábà

Ohun tó mú mi fẹ́ràn máíkírówéfù fún ìpanu aládùn ni pé kò sí iná tó ń jó níbẹ̀, débi pé ọmọ tó ti mọ nọ́ńbà kà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí àgbàlagbà kàn wà nítòsí láti gbé ife gbígbóná jáde. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa ní Kábà, ìgbàkigbà tí iná bá sì ti dé, ilé ìdáná ni wọ́n ń sáré lọ.

Kéèkì inú ife ni ààyò wọn. Inú ife tánganran ńlá ni a ń da ṣíbí ìjẹun 4 ìyẹ̀fun àlìkámà sí, pẹ̀lú ṣíbí 2 ṣúgà, ṣíbí 1 kòkó lílọ̀ àti ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì bekin páódà. Bí wọ́n bá ti rò ó pọ̀ dáadáa, wọ́n á da ṣíbí ìjẹun 4 mílíìkì àti 2 òróró sí i. Ife náà kò gbọdọ̀ kún ju ìlàjì lọ, nítorí pé kéèkì náà máa ń wú gan-an kó tó padà wálẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n wà ni àkókò. Nínú máíkírówéfù oníwáàtì 800, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 70 ti tó, kódà bí ojú kéèkì bá ṣì tutù díẹ̀, torí pé ooru ṣì ń rìn láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ẹni tó bá dúró kó gbẹ tán nínú ẹ̀rọ yóò rí i pé ó le bí àkàrà àná. Nítorí náà ni mo ṣe ń jẹ́ kí àwọn ọmọ ka ìṣẹ́jú 2 kí ṣíbí tó wọ inú rẹ̀, èyí kò sì rọrùn fún àbúrò wọn rárá.

Òun náà ló bi mí pé níbo ni ooru ti ń wá nígbà tí kò sí iná. Mo ṣàlàyé fún un pé ìgbì tí ojú kò lè rí ló ń mi omi inú oúnjẹ, tí mímì náà sì ń di ooru. Mo sọ fún un nípa Percy Spencer, ẹlẹ́rọ ará Amẹ́ríkà tó rí agbára yìí ní ọdún 1945. Wọ́n ní ìpanu aládùn tó wà nínú àpò rẹ̀ ló yọ́ nígbà tó dúró nítòsí ẹ̀rọ rédà, ẹ̀rọ tó ń fi irú ìgbì bẹ́ẹ̀ wá ohun tó wà lọ́nà jíjìn. Ìtàn yìí dùn mọ́ wọn gidigidi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo tó kìlọ̀ pé ṣíbí irin àti ife tó ní ìlà wúrà létí kò gbọdọ̀ wọlé, torí pé wọ́n lè ta iná.

Nígbà kajú, tó pọ̀ gan-an ní Kogí, àwọn ọmọ máa ń gún kajú yíyan wẹ́wẹ́, a ó là ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí méjì, a ó wọ́n kajú náà lé e, a ó sì gbé e wọlé fún ìṣẹ́jú 1. Oyin ìgàn la máa ń ta sí i, àmọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ fẹnu kan oyin.

Ti iná ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ kékeré oníwáàtì 950 kò lè gbé ẹ̀rọ yìí, nítorí pé máíkírówéfù oníwáàtì 800 máa ń fa nǹkan bí 1,200. Ohun tí a ń ṣe ni pé àwọn ọmọ á ti wọn ìyẹ̀fun, ṣúgà àti kòkó sínú ìgò onídèérí sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí iná bá dé, mílíìkì àti òróró nìkan ló kù.

Ní báyìí, ìyẹ̀fun gbáàgúdá ni mo ń gbìyànjú dípò àlìkámà. Ẹyin mú kó dì díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fà lẹ́nu. Ẹni tó bá ti ṣe é ní Ìsánlú, Ìyàrà tàbí ibòmíràn, tó sì dára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ìwọ̀n tí ẹ lò fún mi.