Àwọ̀ kò mú alumíníọ̀mù mi

Ọmọ Òròkí, Winnipeg:
Ẹ kú ilé o. Mo gé ọwọ́ dúrọ́ọ̀ mẹ́fà láti ara ọ̀pá alumíníọ̀mù 6061 (nọ́ńbà irú alumíníọ̀mù náà nìyẹn), mo fẹ́ anodize wọn, ìyẹn ni pé kí n fi iná mànàmáná hu èèpo líle sí wọn lára nínú ásíìdì, kí n sì rẹ wọ́n ní búlúù. Wákàtí kan ni iná fi wà lára wọn nínú ásíìdì. Mẹ́rin mu aró díẹ̀díẹ̀, méjì kò mu ún rárá. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ọmọ Aláró, London:
Wáyà wo lo fi gbé wọn kọ́?

Ọmọ Òròkí, Winnipeg:
Wáyà bàbà.

Ọmọ Aláró, London:
Hẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Òṣogbo:
Àbúrò, má dá a lóhùn. Èmi náà ba tèmi jẹ́ ní Hamburg kí n tó kó wálé. Bí iná bá ti wà lára bàbà, ásíìdì á máa jẹ ẹ́, iná tó yẹ kó ṣiṣẹ́ lára ọwọ́ dúrọ́ọ̀ á sì máa bá bàbà lọ. Wáyà alumíníọ̀mù ni kí o lò, kí o dì í le. Èèpo tí iná ń hù sí alumíníọ̀mù lára kì í jẹ́ kí iná kọjá. Tí wáyà bá mì pẹ́rẹ́, èèpo á hù sí ibi tí wọ́n ti fara kanra, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ló wà lára èèpo ọ̀hún, inú wọn ni aró ń wọ̀. Aró náà kò gbọdọ̀ hó o! Ìwọ̀n 50 sí 60 Celsius ti tó, ìṣẹ́jú 10 sí 15. Tó bá hó, ihò á padé kí aró tó wọlé. Ìgbà tí àwọ̀ bá ti mú ni kí o wá sè é nínú omi híhó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Níhìn-ín, ooru ló ń bá mi jà. Bí ásíìdì bá gbóná ju 25 lọ, èèpo á rọ̀, á máa ṣe lẹ́búlẹ́bú bí ẹfun. Inú báàfù yìnyín ni mo ń gbé ike ásíìdì mi sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn òtútù, ẹ ò mọ oore. Ásíìdì bátìrì kan, omi méjì ni mo ń pò. Omi ni mo kọ́kọ́ ń bù, n óò wá rọra da ásíìdì sí i. Ẹni tó bá da omi sínú ásíìdì, ojú rẹ̀ ló máa ta sí.

Ọmọ Aláró, London:
Ẹ̀gbọ́n, aró èlú ti àwọn ìyá wa ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Òṣogbo:
Mo ti dán an wò. Omi eérú inú ìkòkò aró ń jẹ èèpo náà ni. Ìyá tí mo ra aró lọ́wọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó ní láti kékeré lòun ti ń rẹ aṣọ, òun ò gbọ́ irin rí.

Ọmọ Òròkí, Winnipeg:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Àwọn mẹ́fà yìí wá ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Òkè-Fìà, Òṣogbo:
Kọ́sítíìkì tí o pò mọ́ omi á bó èèpo wọn kúrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o fọ̀ wọ́n dáadáa, kí o tún bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó máa ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná o. Ìta ni kí o ti ṣe é, má ṣe é nínú gáréèjì tí o ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí yìnyín.