Ẹni tó ra mọ́tò lọ́wọ́ mi kó ọlọ́pàá wá sílé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Inú mi ò dùn rárá. Mo ta Corolla 2005 mi ní ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn, ₦3,200,000. Ọkùnrin tó rà á mú mẹkáníìkì ẹ̀ dání, wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wà á láti Apáta dé Ọ̀mì-Adió, wọ́n padà dé, ó ní òun fẹ́ ẹ. Mo ti fọ mọ́tò yẹn kí wọ́n tó dé, mo ra máàtì tuntun sí i, mo fi jáàkì àti sípíà táyà lé e lọ́fẹ̀ẹ́, epo inú ẹ̀ ò dín ní ààbọ̀ táńkì.

Àárọ̀ Sátidé ni mo bá òun àti ọlọ́pàá 2 lẹ́nu géètì. Ojú àwọn ayálégbé mi ló ti pè mí ní gbájúẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó wá kí wa láti Òṣogbo ń wò mí. Ọkùnrin tó ra mọ́tò ní mọ́tò ń jẹ ọ́ìlì, ó ń rú èéfín, kí n kó gbogbo owó òun fún òun. Ṣé mọ́tò tó ti lò fún ọ̀sẹ̀ 5 ni wọ́n ń dá padà? Ṣé èmi ń ta mọ́tò jẹun ni? Wọ́n ní kí n wá sí téṣàn lọ́jọ́bọ̀. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́?

Ìyá Tóbi, Mọ̀lété
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ìwé wo lẹ jọ fọwọ́ sí? Rìsíìtì lásán ni, àbí àdéhùn tó ní ẹlẹ́rìí? Kí ló bi yín nípa mọ́tò náà, kí lẹ sì dá a lóhùn? Máàtì àti jáàkì lẹ ṣàlàyé fún wa, ẹ ò fẹnu ba ìwé.

Lọ́yà Ìyágankú
Bàbá, bó ṣe wà lábẹ́ òfin nìyí. Ẹni tí kì í ṣe oníṣòwò mọ́tò, tó kàn ta tara ẹ̀, òfin ọjà títà ò sọ pé ó ti ṣèlérí pé mọ́tò náà dára. Ẹni tó ń rà á ló ni ojú tó fi máa wò ó. Oníṣòwò ni òfin di irú ẹrù yẹn rù. Àmọ́ nǹkan 2 wà tí ẹ̀yin náà ò lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mọ́tò gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín láti tà, láìsí gbèsè tó dì mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má lè wá já a gbà lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ohun tí ẹ bá sì fẹnu yín sọ nípa ẹ̀, tí onítọ̀hún tìtorí ẹ̀ sanwó, gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Kò pọn dandan kí ẹ ka gbogbo àléébù ẹ̀ sílẹ̀ fún un. Tó bá bi yín tí ẹ purọ́, ọ̀rọ̀ di nǹkan míì nìyẹn. Kódà bí ẹ bá kọ ọ́ sínú rìsíìtì pé "bó ṣe wà ni mo ṣe tà á", gbólóhùn yẹn ò lè bo irọ́ mọ́lẹ̀.

Ní ti ọlọ́pàá, abala 32, ẹsẹ kejì, nínú Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ torí ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán mú èèyàn.

Ọmọ Òjé
Ẹ má dé ibẹ̀ rárá, bàbá. Tí ẹ bá wọlé báyìí, ó di kí wọ́n wá gba béèlì yín.

Lọ́yà Ìyágankú
Ọmọ Òjé, má kọ́ bàbá ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Tí wọ́n bá pè é tí kò lọ, ó máa dà bí ẹni tó sá. Kó lọ, kó mú lọ́yà dání, kó sọ tẹnu ẹ̀, kó má fọwọ́ sí ìwé kankan pé òun máa san owó ní ọjọ́ báyìí. Ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò dájú di gbèsè.

Ọ̀gá Pátíkúlà, Mọ́kọ́lá
Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀ sí èéfín. Ta ni mọ́tò yẹn wà lórúkọ ẹ̀ lónìí? Tí change of ownership, ìyẹn yíyí ìwé ọkọ̀ sí orúkọ ẹni tó rà á, ò bá tíì parí, orúkọ yín ló ṣì máa jáde nínú kọ̀ǹpútà. Tó bá fi gbá èèyàn, tàbí wọ́n fi jalè, ẹ̀yin ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá sílé. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí aago wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe ọjọ́ nìkan: "mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un ní aago 4:20 ìrọ̀lẹ́". Kí orúkọ, àdírẹ́ẹ̀sì àti fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, nọ́ńbà ṣáásì lódidi, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, iye kìlómítà, kí ẹlẹ́rìí 2 fọwọ́ sí i. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín.

Ìbánigbófò third party tí a ń san ₦15,000 fún náà ò kí ń bá mọ́tò lọ fúnra ẹ̀. Kí ẹni tó rà á gba tiẹ̀. Àti nọ́ńbà: Road Safety ti kìlọ̀ títí pé kí a má ta mọ́tò pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lórúkọ wa. Ṣé ẹ yọ ọ́?

Ọmọ Òjé
Ta ló ń yọ nọ́ńbà n'Ìbàdàn? Báwo lonítọ̀hún ṣe máa wà á délé? Lójú òfuurufú?

Ọ̀gá Pátíkúlà, Mọ́kọ́lá
Ọjọ́ tó bá sanwó ni kẹ́ ẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀. Ẹ má gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí ìwé tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Pé gbogbo èèyàn ń ṣe é ò ní dá ẹnì kan sílẹ̀ tí nọ́ńbà ẹ̀ bá bá wọn dé ibi tí wọ́n ti jalè.

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Mo dúpẹ́, Lọ́yà. Nítorí náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó mi, ohun tí mo ṣáà ń sọ nìyẹn. Rìsíìtì wà, àwa méjèèjì fọwọ́ sí i. Nọ́ńbà wà lára mọ́tò, ó ní òun máa yí i padà. Ó ti lọ sí ọ́fíìsì gan-an, wọ́n ní nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ò bá tinú ìwé mu, wọn ò sì ṣe é fún un. Ìyẹn ò kàn mí, òun àti àwọn ni.

Ìyá Tóbi, Mọ̀lété
Háà! Bàbá, ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ẹ sì fi pa mọ́ sí ìsàlẹ̀!

Mẹkáníìkì Òjòó
Kí a fara balẹ̀. Ohun 2 ló ń fa kí nọ́ńbà yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó tẹ ìwé ló ṣì í tẹ̀. Èyí pọ̀ gan-an. Nọ́ńbà ṣáásì máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, kò sì sí I, O tàbí Q nínú ẹ̀ rárá, tí ẹ bá rí O nínú ìwé, òdo ni wọ́n fẹ́ tẹ̀. Ti ṣáásì ẹ lè kà á lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dírẹ́bà, kí ẹ fi wé èyí tó wà lára òpó ilẹ̀kùn. Ti ẹ́ńjìnnì ní tiẹ̀, ara bílọ́ọ̀kì, irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì gan-an, ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí. Ó lè jẹ́ pé ọ̀rá bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà àti epo díẹ̀ fọ ojú ẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́.

Tí kì í bá ṣe àṣìtẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ bílọ́ọ̀kì nìyẹn. Tẹ́ẹ bá pààrọ̀ sílíńdà hẹ́ẹ̀dì, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, nìkan, nọ́ńbà ò ní yí. Ẹ́ńjìnnì lódidi ló ń yí i. Bàbá, ṣé ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì?

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Ẹ̀yin èèyàn yìí ń ṣe mí bí ọ̀daràn. Bẹ́ẹ̀ ni, mo pààrọ̀ ẹ̀ ní ọdún 2 sẹ́yìn, tọ́kúnbọ̀ tó mọ́ tónítóní ni mo rà ní Gate, níbi tí wọ́n ti ń ta sípíà. Mo ń wà á lọ Èkó, lọ Abẹ́òkúta, kò yọ mí lẹ́nu. Rìsíìtì ẹ̀ ń bẹ níbì kan nínú ilé.

Ìyá Tóbi, Mọ̀lété
Ṣé ẹ sọ fún un?

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Ó bi mí lórí WhatsApp bóyá a ti tú ẹ́ńjìnnì rí. Mo ní a ò tú u rí. Òótọ́ sì ni! Èyí tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tú u.

Lọ́yà Ìyágankú
Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ má sọ gbólóhùn yẹn ní téṣàn. Ohun tí mo sọ lókè ò ràn yín lọ́wọ́ mọ́. Ẹni tó béèrè bóyá wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì rí ń béèrè bóyá ẹ́ńjìnnì tó bá mọ́tò wá ló wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè ní kí ilé ẹjọ́ tú ọjà náà ká, kó gba owó ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ san ìyàtọ̀. Lọ́yà tiẹ̀ tún lè fẹ́ fi òfin jìbìtì ọdún 2006 hàn yín, ìyẹn sì jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sí 20 láìsí owó ìtanràn. Mi ò ní ó máa dé bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ láti gba owó ẹ̀. Àmọ́ àwọn ọlọ́pàá ò lè torí abala 32 lé e padà sílé mọ́, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdéhùn lásán ló gbé wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́ o. Ó wà lórí fóònù tiẹ̀ náà.

Ọ̀gá Pátíkúlà, Mọ́kọ́lá
Ìwé yẹn ṣe é tún ṣe. Ẹ lọ búra sí àfídéfítì ní kóòtù pé ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, kí nọ́ńbà àtijọ́ àti tuntun wà nínú ẹ̀. Ẹ gba ìwé ọlọ́pàá lé e, ẹ so rìsíìtì ẹni tó tà á mọ́ ọn, VIO á wo mọ́tò, ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ á wá ṣe àtúnṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ máa tó yí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sanwó gbogbo ẹ̀.

Mẹkáníìkì Òjòó
Kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ lórí èéfín kí wọ́n tó wọn kọmpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fún pọ̀ tó nínú sílíńdà. Èéfín aláwọ̀ búlúù ni ọ́ìlì. Funfun tí kò tán lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ni. Dúdú, epo ló pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan ló ń rú búlúù tó sì dáwọ́ dúró, sílì fáàfù (valve seal) ni, wọ́n ń pààrọ̀ ìyẹn láìsọ bílọ́ọ̀kì kalẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ló ń rú u, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ríìnì (piston ring). Ẹ wọn ọ́n, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà, ẹ tún wọn ọ́n: tí nọ́ńbà bá gòkè, ríìnì ni. Owó sílì àti owó ríìnì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá.

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Mo ti rí rìsíìtì Gate. Ọjọ́ àti owó wà lórí ẹ̀. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ò sí níbẹ̀.

Ọ̀gá Pátíkúlà, Mọ́kọ́lá
Kò tó. Ẹ gbé e padà lọ bá ẹni tó tà á, kó kọ nọ́ńbà náà sí i, kó fọwọ́ sí i. Ẹ ya fọ́tò èyí tó wà lára bílọ́ọ̀kì dání kẹ́ ẹ tó lọ, kó má kọ òmíràn.

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ni mọ́tò wà. Ẹni tó pè mí ní gbájúẹ̀ ni kí n wá máa bẹ̀ pé kó ya fọ́tò fún mi?

Ìyá Tóbi, Mọ̀lété
Bẹ́ẹ̀ ni sà. Lónìí, kí ọjọ́bọ̀ tó pé.

Bàbá Ìdòwú, Apáta
Mo pè é. Kò gbé e. Màá tún pè é tí a bá kírun Ìṣáì tán.