Ẹ sọ ìrírí yín: àwọn ìbọn Black Ops II tó wà lóòótọ́

AyọGéèmù
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo tún ti padà sídìí Black Ops II, géèmù ogun Call of Duty tó jáde ní 2012. Ẹ rántí pé 2025 ni wọ́n ní ogun inú rẹ̀ máa ṣẹlẹ̀. 2025 ọ̀hún ti bá wa láyé, ni mo bá ń wo àwọn ìbọn ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ohun tí ẹnì kan jókòó tó sì fi orí ara rẹ̀ rò. Àwọn ológun ayé ti yìn ín wò, òmíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n ti pa tì kí géèmù náà tó jáde. M8A1 tí gbogbo wa ń jà lé lórí, XM8 ni. Heckler & Koch ti Jámánì ló ṣe é fún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ara ìbọn G36 tiwọn ni wọ́n ti mú un, 2005 ni wọ́n fagi lé ètò náà. Ọta mẹ́rin mẹ́rin ló ń yọ nínú géèmù, ti gidi ò rí bẹ́ẹ̀.
Ẹ̀yin ńkọ́? Ìbọn wo lẹ kọ́kọ́ pàdé nínú géèmù kí ẹ tó mọ̀ pé ó wà lójú ayé? Ẹ má fi pamọ́ fún wa.

TúndéFóònù
MSMC. Ó parí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
@TúndéFóònù ṣàlàyé jàre, kí ló parí?

TúndéFóònù
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní páàdì lẹ mọ Black Ops. COD Mobile (Call of Duty ti fóònù) la mọ̀ ní tiwa, orí fóònù la wà. MSMC ni mò ń gbé kiri nígbà kan, kò sẹ́ni tó ń sún mọ́ mi nínú ilé. Ọmọ Íńdíà kan wà tá a jọ máa ń wọ ìjà, òun ló sọ fún mi pé ìbọn ìjọba àwọn ni, pé àwọn DRDO, iléeṣẹ́ ìwádìí ohun ìjà ìjọba wọn, ló ṣe é, Modern Sub Machine Carbine lorúkọ rẹ̀. Inú ẹ̀ dùn débi pé kò tiẹ̀ yìnbọn mọ́, àlàyé ló ń ṣe fún mi lórí máìkì títí wọ́n fi pa àwa méjèèjì.

Arẹ̀wà_Ondo
😂😂 wọ́n pa wọ́n lórí àlàyé

Ẹnjiníà_Akúrẹ́
AN-94 ló mú èmi. Tẹ́ ẹ bá fetí sílẹ̀ dáadáa nínú géèmù, ẹ máa gbọ́ pé ọta méjì àkọ́kọ́ máa ń yára ju àwọn tó kù lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti gidi ń ṣe. Gennady Nikonov ará Rọ́ṣíà ló ṣe é. Ọta méjì yẹn máa ń jáde ní ìwọ̀n 1800 ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni yóò wálẹ̀ sí 600.
Bó ṣe ń rí i ṣe ló gbà mí lọ́kàn. Ọ̀pá ìbọn náà kò dúró sójú kan, ńṣe ni òun àti gbogbo ẹ̀rọ tó so mọ́ ọn ń yọ̀ sẹ́yìn nínú ara ìbọn. Okùn irin tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó gba orí púlì kọjá, òun ló ń bá wọn fa ọta kejì jáde nínú mágásínì kí yíyọ̀ yẹn tó dópin. Kí ìbọn tó ti èjìká rẹ sẹ́yìn, ọta méjèèjì ti lọ. Mo wo fídíò ibi tí wọ́n ti tú u palẹ̀, mo dá a dúró síbi okùn yẹn, mo sún ojú mọ́ ọn. Okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni ẹ máa pè é. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù fún sójà tó fẹ́ tú ìbọn tò nínú ẹrẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé AK ló ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Arẹ̀wà_Ondo
Ẹ máa bá a lọ o. Mi ò gbá géèmù rí, mo kàn ń kà á ni.

Bàbá_Kẹ́hìndé
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbà mí láyè díẹ̀. Ọmọkùnrin mi ló ń gbá Black Ops II yìí ní pálọ̀. Mo ń kọjá lọ, mo ṣíjú wo tẹlifíṣàn, mo ní "FAL nìyẹn." Ó ní "Dádì, ibo lẹ ti mọ̀ ọ́n?" Ibo ni mi ò ti ní mọ̀ ọ́n? Ìbọn àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù ni, ó ti wà láti àwọn ọdún 1950. DS Arms ní Amẹ́ríkà ló gé e kúrú tí wọ́n sì fi OSW kún orúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n gbé lọ sógun 2025. DICON, iléeṣẹ́ ohun ìjà ìjọba wa ní Kàdúná, náà rọ ọ́, NR1 ni wọ́n pe tiwa.
Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé e ja ogun abẹ́lé. FAL wà lọ́wọ́ àwa, ó wà lọ́wọ́ Biafra náà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tó bá di àsìkò Kérésì tí àwọn ọmọ àdúgbò bá ń yin bángà, bàbá náà á dìde níbi tó bá jókòó sí, á wọ yàrá, á sì ti ilẹ̀kùn. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Kò sì sọ ohun tójú rẹ̀ rí fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ẹ kú ìrántí, sà. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá màmá mi ṣe rí o. Wọn kì í jẹ́ ká mú ìbọn onírọ́bà wọ ilé, wọ́n á gbà á, wọ́n á jó o níná.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó dá yín lójú pé Biafra náà ní FAL? AK ni mo máa ń rí nínú fọ́tò.

Bàbá_Kẹ́hìndé
Ó dá mi lójú dáadáa, ọmọ mi. Ohun tọ́wọ́ bá bà ni wọ́n ń lò. Tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ tiwa, ó di tiwọn nìyẹn.

Akọ̀wé_Houston
@Bàbá_Kẹ́hìndé, ẹ kú ọ̀rọ̀ sà. Kí lẹ wá ṣe sí géèmù ọmọ yín? Ṣé ẹ jẹ́ kó máa gbá a lọ?

Bàbá_Kẹ́hìndé
Mo jókòó tì í. Mo ní kó fi ìbọn náà hàn mí dáadáa, mo sì sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n bàbá mi fún un. Kò tíì gbọ́ ọ rí.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ìyẹn dáa. Ní tèmi, ọmọ tí kò tíì pé 18 kò yẹ kó jókòó síwájú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí, gbogbo yín lẹ sì mọ̀wé kà.

TúndéFóònù
Mummy Ìbejì, géèmù ò sọ ẹnikẹ́ni di olè o.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ò yẹ kó mọ orúkọ ìbọn ju orúkọ àwọn ìbátan rẹ̀ lọ.

Arẹ̀wà_Ondo
Mo wà lẹ́yìn Mummy.

Sójà_Ìlú_Ọba
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i nítorí iṣẹ́ mi ni. Type 25 inú géèmù yẹn, ara QBZ-95 ti Ṣáínà ni wọ́n ti fà á yọ. Ìgbà tí Ṣáínà gba Hong Kong padà ní 1997 ni gbogbo ayé kọ́kọ́ rí i lọ́wọ́ sójà wọn. Irú ìbọn tí wọ́n ń pè ní bullpup ni: ẹ̀yìn ibi tí ìka ń fà ni mágásínì wà. Nínú géèmù ọjọ́ iwájú, irú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó dé, torí ó ń dá èèyàn lójú pé ayé tuntun la wà.
L85 tiwa níbí, bullpup lòun náà. Èmi gbé e. Ẹ̀yìn ni gbogbo ìwúwo rẹ̀ wà, ó fara mọ́ èjìká. Ṣùgbọ́n ọlọ́wọ́ òsì ni mí, bẹ́ẹ̀ èèyàn ò lè fi èjìká òsì yin L85, torí ọwọ́ ọ̀tún ló ń tu páànù ọta òfìfo sí, ó sì gbóná. Ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ òsì ló máa bà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi kọ́ gbogbo wa, ó sì pẹ́ kí ojú ọ̀tún mi tó gbà. Kò sí géèmù tó máa sọ ìyẹn fún yín.
Faransé ti gbé FAMAS, bullpup tiwọn, sílẹ̀, wọ́n ti gba HK416 tí kì í ṣe bullpup. Ní 2019, Ṣáínà gbé QBZ-191 jáde níbi ìtòlẹ́sẹẹsẹ ológun wọn, ìyẹn kì í sì í ṣe bullpup mọ́. Ohun tí gbogbo wa ń wò bí ọ̀la ní 2012, àwọn tó ni ín ń kó o nílẹ̀.

TúndéFóònù
FAMAS, FR .556 ni wọ́n ń pè é lórí fóònù!

Ẹnjiníà_Akúrẹ́
@Sójà_Ìlú_Ọba ọ̀rọ̀ páànù ọta yẹn dùn mọ́ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Èmi, Storm PSR ni. Tẹ́ ẹ bá di ìka mọ́ ọn, á máa kó ọta jọ, ẹ ó sì máa rí ọ̀tá lẹ́yìn ògiri, á gba inú ògiri kọjá. Kò sí bí ẹ ṣe máa sọ pé kì í ṣe ara ìbọn iléeṣẹ́ Metal Storm ni wọ́n ti mú un. Ọsirélíà ni, Mike O'Dwyer ló dá a sílẹ̀. Wọn kì í to ọta sínú mágásínì, inú ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń tò ó sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, iná mànàmáná ló ń tan ẹ̀tù tó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n so ọ̀pá 36 pọ̀, ìyára rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan ọta ní ìṣẹ́jú kan. Ìyára ni mo sọ o, kì í ṣe pé ọta tó bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé tí gbogbo rẹ̀ fi ń tán. Ọdún 2012 kan náà tí géèmù jáde ni owó tán lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà, wọ́n sì fà á lé alábòójútó lọ́wọ́.
Nítorí náà, mo sọ ọ́, mo tún un sọ: Black Ops II ò sọ àsọtẹ́lẹ̀ kankan. Ohun tí ìjọba kọ̀ ni wọ́n ṣà jọ.

Akọ̀wé_Houston
Rárá o, mi ò gbà. P. W. Singer tó ń ṣèwádìí ogun òde òní wà lára àwọn tí àwọn tó ṣe géèmù náà gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn. Ẹ wo dúróònù! Menendez, olórí ọ̀tá inú ìtàn yẹn, gba dúróònù Amẹ́ríkà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ wá wo ohun tí dúróònù ń ṣe ní Ukraine lónìí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ìbọn là ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má gbé wa lọ sí dúróònù.

AyọGéèmù
@Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó ọ̀rọ̀ rẹ ò kúnná tó. Wo LSAT, ìbọn ńlá tó máa ń tú ọta jáde bí òjò yẹn. Orúkọ ètò ìjọba Amẹ́ríkà ni: ike ni wọ́n fi ṣe ìkarahun ọta rẹ̀, orí ọta rì sínú ẹ̀tù, kí ẹrù sójà lè fúyẹ́. Ètò yẹn ò kú. Iléeṣẹ́ Textron gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ síbi ìdíje ìbọn tuntun àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Oṣù kẹrin 2022 ni iléeṣẹ́ SIG gba iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, ìbọn SIG tó wá di XM7 ni wọ́n mú. Ó kù díẹ̀ kí LSAT di ìbọn gidi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
"Ó kù díẹ̀." Ìyẹn ni pé wọ́n kọ̀ ọ́. 

Ẹnjiníà_Akúrẹ́
Awò orí ìbọn ni ẹ̀ ń fò dá. Ẹ wo Target Finder inú géèmù tó ń fi àmì pupa yí ọ̀tá ká: iléeṣẹ́ TrackingPoint ní Texas ti ta ìbọn tó ní kọ̀ǹpútà nínú awò rẹ̀: wàá fi àmì sára ohun tó o fẹ́ yìn, wàá fa ìbọn, kò ní yìn àfi tí ọ̀ọ́kán bá bá àmì náà mu. Awò XM157 tí wọ́n so mọ́ XM7, lésà inú rẹ̀ ń wọn bí ohun ṣe jìnnà tó, ó sì ń ṣe ìṣirò ibi tí ọta máa bọ́ sí. Ti ríríran gba ògiri kọjá náà ńkọ́? 2015 ni àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ pé àwọn agbófinró wọn ní Range-R, rédà tí wọ́n ń gbé ti ògiri láti mọ̀ bóyá èèyàn ń mí nínú ilé. Àwòrán èèyàn kò hàn níbẹ̀ bíi ti géèmù, ó kàn ń sọ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ àti bó ṣe jìnnà tó.

Ìyá_Ìbejì_Peckham
Ti rédà yìí bà mí lẹ́rù ju gbogbo ìbọn tẹ́ ẹ ti dárúkọ lọ.

Akọ̀wé_Houston
Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Advanced Warfare, Call of Duty ti 2014? Èkó wà nínú rẹ̀! Wọ́n jí Olóòtú Ìjọba Nàìjíríà gbé, àwa la lọ gbà á sílẹ̀. A ń fò láti orí bọ́ọ̀sì kan sí òmíràn lójú títì márosẹ̀.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Nàìjíríà ò ní Olóòtú Ìjọba láti 1966.

Arẹ̀wà_Ondo
Bọ́ọ̀sì ń sáré lójú títì l'Ékòó? Ibẹ̀ gan-an ni mo ti mọ̀ pé àròsọ ni 😂

Akọ̀wé_Houston
😂😂 Ṣùgbọ́n mo dìde dúró ní pálọ̀ nígbà tí Èkó fara hàn. Inú géèmù Amẹ́ríkà! Mo pe ìyàwó mi kó wá wò ó.
Ìbọn MORS inú rẹ̀ ni mo fẹ́ béèrè o, Ẹnjiníà. Ìbọn tí kò lo ẹ̀tù, iná mànàmáná ló ń ti ọta. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹnjiníà_Akúrẹ́
Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe ní èjìká èèyàn. Ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà dán an wò ní Dahlgren, ní Virginia. Ní oṣù kejìlá 2010 wọ́n yìn ín ní agbára mẹ́gájúùlù 33. Irin méjì gbọọrọ ni, iná ńlá gba inú wọn kọjá, agbára òòfà iná yẹn sì ju ọta síwájú. Ooru àti bí ọta ṣe ń ha wọ́n ń jẹ àwọn irin náà, iná tó sì ń fẹ́, ọkọ̀ ojú omi ogun ló lè gbé e. 2021 ni wọ́n dáwọ́ dúró.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Wọ́n KỌ̀ Ọ́. Ẹ ń rí i?

AyọGéèmù
Japan ò kọ̀ ọ́ o. 2023 ni wọ́n yin tiwọn láti orí ọkọ̀ ojú omi.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Igbó
Ẹ jẹ́ ká dúró wò wọ́n.

Arẹ̀wà_Ondo
@Bàbá_Kẹ́hìndé, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé DICON ṣì ń rọ FAL yẹn títí di òní?

Bàbá_Kẹ́hìndé
Mi ò mọ̀ dájú, ọmọ mi, àmọ́ wọ́n ti rọ irú mìíràn. Ní 2006 wọ́n gbé OBJ-006 jáde, irú AK ni, orúkọ Ọbásanjọ́ ni wọ́n fi sọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba ra Beryl M762 lọ́wọ́ Poland, wọ́n sì bá wọn ṣàdéhùn kí DICON lè máa tò ó níbí.

TúndéFóònù
Ẹ dúró sà. M762 kẹ̀?? Ìyẹn wà nínú géèmù PUBG! Òun ni mo ń gbé!

Ẹnjiníà_Akúrẹ́
Òun náà ni. Ó ń ti èèyàn sẹ́yìn gan-an.

TúndéFóònù
Mo ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n. Mò ń lọ fi han àwọn ọmọ àdúgbò báyìí.