Máṣíìnì tuntun wọlé: kí lẹ kọ́kọ́ rán, báwo ló sì ṣe rí?

Aránṣọ Tuntun, Ìbàdàn

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Owó àjọ tí mo kó ni mo fi ra máṣíìnì oníná kékeré, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì. Ọjọ́ tí mo gbé e wálé náà ni mo ti ki aṣọ bọ̀ ọ́ lábẹ́. Mi ò tíì rán ju ìbú ọwọ́ kan lọ tó fi ń kùn gbùrù-gbùrù, ló bá há. Mo yí aṣọ padà, òwú ti lọ́ mọ́ra wọn lábẹ́ bí irun tó ta kókó. Mo gé e kúrò, mo tún bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló tún parí sí. Mo tú bọ́bìn (kẹ̀kẹ́ kékeré tí òwú ìsàlẹ̀ wà lára rẹ̀), mo tún un wé, mo fún tẹ́ńṣọ̀n (ibi tí a ti ń mú òwú òkè le tàbí dẹ̀) le, mo tún dẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá alẹ́, mo ti dá a padà sínú páálí, mo fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó tà á fún mi. Omi ń bọ́ lójú mi.

Àǹtí mi tí wọ́n ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá ni mo pè láàárọ̀. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n rojọ́ tán.

"Nígbà tó o ń fi òwú sí i, ṣé ẹsẹ̀ máṣíìnì, irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, wà lókè ni àbí ó wà nílẹ̀?"

"Ó wà nílẹ̀, mà."

"Ohun tó fà á nìyẹn. Gbé ẹsẹ̀ yẹn sókè kó o tó fi òwú sí i. Tó bá wà nílẹ̀, àwọn irin pẹlẹbẹ méjì tó wà níbi tẹ́ńṣọ̀n á ti pa ẹnu dé, òwú òkè ò ní ráyè wọ àárín wọn. Kò ní sí ohun tó ń dá a dúró mọ́, á kàn máa ya lọ sísàlẹ̀ ni. Bọ́bìn lò ń dà láàmú, òkè sì ni ẹjọ́ wà."

Mo gbé ẹsẹ̀ sókè, mo tún òwú fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, mo di ìdí òwú méjèèjì mú lẹ́yìn, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ìró rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ó ń lọ kẹ́kẹ́kẹ́, ìlà náà sì jókòó lórí aṣọ, lókè àti nísàlẹ̀.

Búbà ni mo fẹ́ rán. Àǹtí mi ní rárá, ìrọ̀rí mélòó ló wà nílé mi? Wọ́n ní kí n rán àpò ìrọ̀rí, torí ìlà gbọọrọ ni gbogbo rẹ̀: kò lọ́rùn, kò lápá, kò ní síìpù. Ìrọ̀rí mi gùn ní ínǹṣì 26, ó fẹ̀ ní 18. Mo gé aṣọ tó gùn ní ínǹṣì 60, tó sì fẹ̀ ní 19. Mo ṣẹ́ etí méjèèjì tó kúrú lẹ́ẹ̀mejì, ìdajì ínǹṣì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo rán an. Ó wá ku 58. Mo tẹ́ ojú aṣọ sókè, mo ká ínǹṣì 26 lé 26, mo wá dá 6 tó kù padà sórí rẹ̀, mo rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo yí i síta. 6 yẹn ló ń bọ́ sínú tó ń bo ẹnu ìrọ̀rí. Ańkárá tó fẹ̀ ní ínǹṣì 45 máa gba méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, nítorí náà yáàdì méjì tó fún ìrọ̀rí méjì, ó ṣì máa ṣẹ́kù.

Àkọ́kọ́ wọ́. Ojú abẹ́rẹ́ ni mo tẹjú mọ́. Ìgbà tí mo lẹ sẹ́lótéépù mọ́ irin ìsàlẹ̀, ní ìdajì ínǹṣì sí abẹ́rẹ́, tí mo sì ń wo bí etí aṣọ ṣe ń tẹ̀lé e, ni ìlà mi tó tọ́. Mẹ́jọ ni mo rán kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ẹ má tíì ra ṣífọ́ọ̀nù o, ńṣe ló ń yọ̀ kiri. Ańkárá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni tèmi, ìyá mi ló fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tiwa tún yàtọ̀ díẹ̀, torí tẹ́sẹ̀ bá ṣi tẹ̀, táyà ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì máa yí padà sẹ́yìn, òwú á sì já. Bébà ìwé ọmọ iléèwé ni mo kọ́kọ́ rán, láìfi òwú sí i rárá, tí mo ń tẹ̀lé ìlà tí wọ́n fà sí i. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹ lo abẹ́rẹ́ tó ti gbó fún bébà, torí bébà máa ń mú kí abẹ́rẹ́ kú lẹ́nu.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gé ṣòkòtò jíìnsì àwọn ọmọ kúrú. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 ló wà lórí máṣíìnì, ìyẹn tí a fi ń rán ańkárá. Ó dé ibi tí aṣọ ti ki jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kán pàò! Mo fi nọ́ńbà 18, tó nípọn jù ú lọ, rọ́pò rẹ̀, mo sì ń fi ọwọ́ yí táyà níbi tó bá ti ki. Kò kán mọ́.

Màmá Kékeré, Òṣogbo

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, sà. Síkẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ni mo rán fún ọmọbìnrin mi, yáàdì kan péré. Ìbàdí ọmọ náà jẹ́ ínǹṣì 21, mo gé rọ́bà ní 19. Mo so etí aṣọ pọ̀, mo ká òkè rẹ̀ wálẹ̀, mo rán an yípo, inú mi sì dùn. Àfi ìgbà tí mo mú rọ́bà tí mi ò rí ibi tó máa gbà wọlé! Mo ti rán gbogbo rẹ̀ pa. Mo tú ínǹṣì méjì, mo fi pín-ìnnì sí ẹnu rọ́bà, mo ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi pín-ìnnì mìíràn di ìdí rẹ̀ mọ́ aṣọ o. Tèmi wọlé lọ, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ mi wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé màmá òun ló rán an. Àpò ló ń béèrè báyìí, kó lè máa kó súìtì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rán àpò sí ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rí? Báwo lẹ ṣe gé e?