Kòkòrò wo ló wà lára ọsàn wẹ́wẹ́ mi, báwo ni mo ṣe lè sìn ín?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Mo rí àwọn kòkòrò jẹwéjẹwé kan lórí ọsàn wẹ́wẹ́ tí mo gbìn sínú ike lẹ́yìnkùlé. Àwọn kéékèèké dúdú, wọ́n ní àbàwọ́n funfun lára. Àfi bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Àwọn tó ti dàgbà tutù yọ̀yọ̀ bí ewé, ara wọn sì ń dán. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé tí mo bá fọwọ́ kàn wọ́n, ìwo rírọ̀ méjì pupa rẹ́súrẹ́sú máa ń yọ lẹ́yìn orí wọn, pẹ̀lú òórùn líle kan. Ṣé irú kòkòrò kan náà ni gbogbo wọn?

Labalábá dúdú ńlá kan tó ní àmì yẹ́lò máa ń rà bàbà lórí igi yìí. Mo fura pé òun ló yé wọn, àbí àfòpiná ni?

Aládùúgbò ní kí n fín oògùn sí wọn. Mi ò fẹ́. Igi náà á tún hu ewé, èmi àti ọmọ mi sì fẹ́ rí i bí wọ́n ṣe ń yí padà. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n kó wọn sínú ike tí mo fi àwọ̀n bò? Ṣé ewé ọsàn mímu náà á bá wọn lára mu? Ṣé erùpẹ̀ ni wọ́n máa wọ̀ tí wọ́n bá fẹ́ di labalábá, àbí igi tí wọ́n á so ara wọn mọ́ ni kí n gbé sí i? Ẹni tó bá ti sin irú rẹ̀ rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.