"Tuntun" tí kì í gbó: kí la ó máa pe cristão-novo?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀ o. Lánàá, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí á túmọ̀ cristão-novo ("Kristẹni tuntun"), orúkọ tí àwọn Potogí fún àwọn Júù tí wọ́n sọ di Kristẹni àti ìran wọn, sí "onígbàgbọ́ tuntun". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà bá ẹnu mu, kò bá ìtàn mu.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí wọ́n bá ní kí onígbàgbọ́ tuntun dìde, àtẹ́wọ́ ló ń tẹ̀lé e. Wọ́n á gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, wọ́n á bá a jókòó, kó tó pé ọdún kan ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Tuntun tiwa máa ń gbó. Ti Potogí kì í gbó.

Ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní 1492, Ferdinand àti Isabella pàṣẹ pé Júù tí kò bá ṣèrìbọmi kó fi Sípéènì sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì sá wọ Pọ́túgà. Manuel, ọba ibẹ̀, ń fẹ́ ọmọ Ferdinand àti Isabella sílé, wọ́n sì ní àfi kó lé àwọn Júù tirẹ̀ náà. Ó pàṣẹ náà ní oṣù Kejìlá 1496. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ pàdánù ọwọ́ àti owó wọn. Ní 1497, ó kọ́kọ́ gba àwọn ọmọ wọn, ó sàmì fún wọn. Àwọn tó wá dúró de ọkọ̀ ojú omi ní Lisbon, wọ́n fipá sàmì fún àwọn náà. Potogí ní orúkọ fún wọn títí dòní: batizados em pé, àwọn tí a sàmì fún lórí ìdúró.

Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà, tí wọ́n gbé lọ sàmì ní ìkókó, tuntun ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀, tuntun. Ní oṣù Kẹrin 1506, àwọn èrò ìlú pa "àwọn tuntun" yìí nípakúpa láàárín Lisbon. Ọdún 1773 ni Pombal, òjíṣẹ́ ọba José, tó ṣe òfin tó fagi lé ìyàtọ̀ láàárín tuntun àti àtijọ́. Ọdún 276!

Ẹlòmíì ní ká lo "onígbàgbọ́ àtọ̀húnrìnwá". Rárá o. Àwọn Júù ti wà ní ilẹ̀ yẹn nígbà ayé ìjọba Róòmù, kí Tariq, ọ̀gágun Mùsùlùmí, tó sọdá òkun wá láti Áfíríkà ní 711. "Àgùdà tuntun" tún wá burú jù: ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé àwọn tó ti Brazil padà sí Èkó là ń sọ.

"Aláyìípadà", tí wọ́n dábàá fún converso, orúkọ tí àwọn Sípéènì fún irú àwọn èèyàn yìí, ní wàhálà tirẹ̀. Ẹ ṣi lẹ́tà kan gbé sípò, ó di "aláìyípadà", oríkì Olódùmarè. Ká tiẹ̀ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹni tó yí padà, òun fúnra rẹ̀ ló yí. Ta ló yí padà nínú àwọn tí wọ́n gbá mú ní Lisbon?

Fún àwọn yẹn, "àfipásàmì" ni mo mú wá. Àwọn Júù fúnra wọn ń pè wọ́n ní anusim lédè Hébérù, àwọn tí a fipá mú, nítorí náà a kò dá ohun tó ṣàjèjì sílẹ̀. Àmì sì wà nínú "sàmì": èyí tí wọ́n fi sí wọn lára kò parẹ́.

Mo gbà pé kò kó gbogbo wọn. Solomon ha-Levi, rábì ìlú Burgos ní Sípéènì, di Pablo de Santa María, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù Burgos kan náà. Ẹnikẹ́ni kò rì í bọmi lórí ìdúró. Fún gbogbo ẹgbẹ́ náà lápapọ̀, ẹ jẹ́ ká lo "onígbàgbọ́ àpènítuntun". Ẹni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ wá wà lọ́rùn rẹ̀.

Limpieza de sangre ńkọ́, òfin tí wọ́n ṣe ní Toledo ní Sípéènì ní 1449 pé ẹni tó bá ní ìran Júù kò gbọdọ̀ di ipò mú ní ìlú? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ "ẹ̀jẹ̀ mímọ́". Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìyẹn lẹ́nu wa. "Ẹ̀jẹ̀ àìlábùlà" ló bá a mu: bí ẹlẹ́mu ṣe ń búra pé òun kò bomi là á.

Ó ku cristão-velho ("Kristẹni àtijọ́"), Kristẹni tí kò ní ìran Júù. Mo kọ "onígbàgbọ́ àtijọ́", Pétérù àti Pọ́ọ̀lù ló ń wá sí mi lọ́kàn. Mo kọ "onígbàgbọ́ ìbílẹ̀", ó dà bí ẹni ń bọ òrìṣà. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù, kó gbé e wá.