Ṣé ìfẹnukonu lè kó àrùn erìgì ran ìyàwó mi?

Láti Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé sí ẹ̀yin onímọ̀ ìtọ́jú eyín. Bí mo bá ti ń run pákò láàárọ̀, erìgì mi a máa ṣẹ̀jẹ̀, itọ́ mi a sì pọ́n. Ní báyìí, ìyàwó mi ti ń ráhùn pé tòun náà ń wú. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Netherlands, tó jáde ní 2014, fi hàn pé ìfẹnukonu ìṣẹ́jú-àáyá 10 lè gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù 80 kòkòrò àìfojúrí láti ẹnu kan sí òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kì í pani lára. Ǹjẹ́ irú èyí tó ń ba erìgì jẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ ràn án? Ṣé kí àwa méjèèjì jọ lọ bá dókítà eyín, kí ó ha ìdọ̀tí tó ti le mọ́ ìdí eyín wa kúrò, kí á sì dá ìfẹnukonu dúró ná?